Ṣé “ẹ̀jẹ̀” ni jíìnì? Lórí ọ̀rọ̀ inú ìtàn iṣẹ́ W. D. Hamilton

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àkọsílẹ̀ kúkúrú kan wà nílẹ̀ lórí W. D. Hamilton, onímọ̀ tó fi jíìnì, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, ṣàlàyé ìbágbépọ̀ ẹranko. Gbólóhùn tó ń fa àríyànjiyàn nìyí: “Ní 1964, Hamilton ṣàwárí ẹ̀jẹ̀ àánú tó ń mú kí oyin kú nítorí ọbabìnrin rẹ̀, ó pè é ní yíyan ẹbí.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.

Èsì kìíní

Gbólóhùn kan, àṣìṣe márùn-ún. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká tú u palẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀” ni ká kọ́kọ́ mú. Òótọ́ ni pé a máa ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn ọmọ ìyá, ó sì yé gbogbo wa. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì ni jíìnì ń gbé, ti awọ, ti irun, ti ewé pàápàá. Èyí tó wá burú jù ni pé sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tó bá ti gbó tán, kò ní krómósóòmù, ìyẹn okùn tó gbé jíìnì, kankan nínú mọ́. Ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa gan-an ni kò gbé jíìnì! Àwọn kan yóò ní ká lo “àbùdá”. Àbùdá ni ohun tí ojú rí lára ẹ̀dá: àwọ̀, gíga, ìwà. Ẹ fi gbólóhùn yìí dán an wò: “Jíìnì kan lè kan àbùdá mẹ́ta, ogún jíìnì sì lè pawọ́ pọ̀ ṣe àbùdá kan.” Ẹ wá fi “àbùdá” rọ́pò “jíìnì” níbẹ̀, kí ẹ rí bí yóò ṣe dojú rú. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ jíìnì lọ.

“Ṣàwárí” náà kò bọ́ sí i. Hamilton kò rí jíìnì kankan he. Ìṣirò ló ṣe. Káírò ni wọ́n bí i sí ní 1936. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ tó wá jáde ní apá méjì nínú Journal of Theoretical Biology ní 1964. Ohun tó ń wá ìdáhùn sí ni pé: bí jíìnì kan bá ń mú kí ẹni tó gbé e pàdánù, kí ló dé tí kò fi run? Ìdáhùn rẹ̀ kò ju àmì mélòó kan lọ: rB > C. Ẹ mú èrè olùgbà (B), ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú r, ìyẹn bí olùfúnni àti olùgbà ṣe bá ara wọn tan tó. Bí iye tó jáde bá ju àdánù olùfúnni (C) lọ, jíìnì náà yóò máa gbilẹ̀. Iye ọmọ ni a fi ń ka èrè àti àdánù náà. Kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ìdùnnú.

Ìdí nìyẹn tí “àánú” kò fi lè dúró. Inú ni àánú wà, ìṣirò yìí kò sì wo inú ẹnikẹ́ni. Ẹ wo òṣìṣẹ́ oyin tó ta ènìyàn: ẹ̀gún ìdí rẹ̀ ní ìkọ́ wẹ́wẹ́ tó ń há sínú awọ, bó ṣe ń tiraka láti fò lọ, ìdí rẹ̀ á fàya, ẹ̀gún pẹ̀lú àpò oró á ṣẹ́ kù sára ẹni tó ta, oyin á sì kú. Bóyá ó káàánú ẹnì kan kò wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá. “Ìfararúbọ” ni mo fọwọ́ sí. Ẹni tó ń rúbọ ń fi nǹkan sílẹ̀ kí nǹkan lè padà wá, ìyẹn ni rB > C náà sì ń wí.

Ọ̀rọ̀ tó ṣòro jù ni r. “Ìbátan” kò ṣeé wọ̀n: ó wà tàbí kò sí. Nọ́ńbà ni r ní tirẹ̀. Ẹnì kan yóò sì tètè béèrè pé ṣebí jíìnì gbogbo ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, báwo ni ti ọmọ ìyá ṣe wá jẹ́ ìdajì péré? Ìdáhùn ni pé ohun tí gbogbo àwùjọ ti jọ ní kò wọ inú ìṣirò náà. Èyí tí ẹ̀dá méjì fi jọra ju ẹni méjì tí a kàn ṣà láàárín àwùjọ lọ, nítorí pé orísun kan ló bí wọn, ni r ń kà. Nítorí náà mo dábàá “ìwọ̀n àjọjogún”. Láàárín ènìyàn, ọmọ ìyá àti bàbá kan náà jẹ́ 1/2, ọmọ ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú ọmọ àbúrò jẹ́ 1/8.

Ibi tí èdè wa ti mókè nìyí, torí a ní iyèkan fún ọmọ ìyá kan, a sì ní ọbàkan fún ọmọ bàbá kan. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n ṣàlàyé oyin. Ẹyin oyin tí àtọ̀ kò kàn ló ń di akọ: krómósóòmù 16. Èyí tí àtọ̀ kàn ń di abo: 32. Akọ oyin kò ní bàbá, ṣùgbọ́n ó ní bàbá ìyá. Torí pé ẹ̀dà kan ṣoṣo jíìnì kọ̀ọ̀kan ló ní, odindi rẹ̀ ló ń fún ọmọbìnrin rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Òṣìṣẹ́ méjì tó jẹ́ iyèkan tó tún jẹ́ ọbàkan jọ ní gbogbo ti bàbá, ìyẹn 1/2, wọ́n á sì jọ ní ìdajì ti ìyá, ìyẹn 1/4. Ó di 3/4. Àwọn tó jẹ́ iyèkan lásán dúró sí 1/4.

Akọ tó ń gun ìyá oyin kan a máa ju mẹ́wàá lọ. Bí akọ bá jẹ́ n, tí ìpín wọn sì dọ́gba, àjọjogún láàárín òṣìṣẹ́ jẹ́ 1/4 + 1/(2n); fún akọ mẹ́wàá, 0.30. Ibí yìí ni òṣìṣẹ́ ti ń jẹ ẹyin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: ìdajì iye yẹn, 0.15, ló fi bá ọmọkùnrin tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí tan, ṣùgbọ́n 1/4 ló fi bá ọmọkùnrin ìyá wọn tan. Tó bá jẹ́ akọ méjì péré, méjèèjì á dọ́gba.

Ẹ má ṣe kọ ọ́ pé 3/4 yìí ló bí ìbágbépọ̀ kòkòrò o. Òṣìṣẹ́ ń tọ́ arákùnrin tó jẹ́ 1/4 sí i. Bí arábìnrin àti arákùnrin bá pọ̀ bákan náà, ìpíndọ́gba padà sí 1/2, bíi ti ọmọ tirẹ̀. Ikán sì ní ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan nínú akọ àti abo, síbẹ̀ wọ́n kọ́lé, wọ́n ní òṣìṣẹ́.

“Ọbabìnrin” kì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹyin ló ń yé. Ìyá oyin ti tó. Ní ti “yíyan ẹbí”, John Maynard Smith, onímọ̀ ẹ̀dá alààyè mìíràn, ló fún un lórúkọ tí ẹ̀ ń túmọ̀ yẹn, ní 1964 kan náà. Ohun tí Hamilton fúnra rẹ̀ ń kà ni àpapọ̀ èrè ìran: ọmọ ẹni, láìka èyí tí ìrànwọ́ ẹlòmíràn mú wá, pẹ̀lú ọmọ tí ìrànwọ́ ẹni fi kún ti ẹbí, tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú r. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kíka gbogbo ọmọ ẹbí mọ́ ọn.

Èsì kejì

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Iyèkan àti ọbàkan wọlé dáadáa. Àmọ́ ìfararúbọ? Ẹni tó rúbọ mọ ohun tó ń ṣe. Oyin kò mọ̀. Ẹ lé àánú jáde lẹ́nu ọ̀nà, ẹ gba ète wọlé láti ẹ̀yìn. Ẹ ò ṣe lo “oore” lásán? Ìṣe ni oore, inú ni inúure.

Èsì kẹta

Ẹ gbá mi mú. Ṣùgbọ́n “oore” nìkan kò sọ pé olóore pàdánù. Adìyẹ tó tú ilẹ̀ tí òmíràn fi rí kòkòrò jẹ ṣoore láìpàdánù. “Oore àpàdánù” ńkọ́? Mo fi ìfararúbọ sílẹ̀ fún un. Gbólóhùn náà wá di: “Ní 1964, Hamilton fi ìṣirò hàn pé jíìnì tó ń mú ẹ̀dá ṣe oore àpàdánù lè gbilẹ̀, bí olùgbà bá jẹ́ ẹbí tí ìwọ̀n àjọjogún rẹ̀ tó.”

Nípa ìparí àkọsílẹ̀ náà, Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ni Hamilton ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà Yunifásítì Michigan, kó tó dé Oxford ní 1984. Ẹ má sì kọ “ibà pa á”. Ó kó ibà nínú ìrìn àjò rẹ̀ sí Kóńgò ní oṣù kìíní 2000, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dà nínú ikùn rẹ̀ ló yọrí sí ikú rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta.