Kíka ẹranko ní Old Oyo National Park láìgbowó: kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó kúrò l'Ábẹ́òkúta?

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará ilé. Àwa mẹ́rin l'Ábẹ́òkúta níbí fẹ́ yọ̀ǹda ara wa fún iṣẹ́ kíka ẹranko ní Old Oyo National Park nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì péré. A kì í ṣe ọdẹ, a ò sì kọ́ ọ ní yunifásítì. Ta ni ká kọ̀wé sí? Kí ni wọ́n máa ń fún olùyọ̀ǹda ṣe gan-an? Èwo ló yẹ ká rà, èwo ni ká má wulẹ̀ náwó lé? A ní kámẹ́rà inú igbó méjì, irú èyí tó máa ń ya fọ́tò fúnra ẹ̀ bí ẹranko bá kọjá. A dán an wò lẹ́yìn ilé fún ọjọ́ mẹ́ta, fọ́tò koríko ló kún inú ẹ̀.

Ojú Ìlà

Ẹ kú ìmúra o. Lẹ́tà kì í lọ sí ẹnubodè ọgbà. Ìsọ̀kun ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ọ́fíìsì àgbà wọn wà, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀gá tí wọ́n ń pè ní Conservator of Park. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ máa jáde, ohun tí olúkúlùkù yín mọ̀ ọ́n ṣe, àti nọ́ńbà ẹbí tí wọ́n lè pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ẹ so fọ́tókọ́pì káàdì ìdánimọ̀ mọ́ ọn, pẹ̀lú lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tàbí ibi iṣẹ́ tó mọ̀ yín. Ẹ fi í ránṣẹ́ ní oṣù méjì ṣáájú, ó kéré tán. Kí ẹ tó gbéra, ẹ béèrè ẹni tó máa bọ́ yín, ibi tí ẹ máa sùn, àti bóyá apá ibi tí wọ́n fẹ́ gbé yín lọ fara rọ lọ́sẹ̀ yẹn. Ọgbà náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, apá Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rí kì í ṣe ìtòsí apá Ọ̀yọ́-Ilé rárá, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lè má kan ọ̀hún. Ẹ má wọ igbó láìsí ẹ̀ṣọ́ tó níbọn, kódà bó ṣe ìdajì wákàtí.

Iṣẹ́ tó pọ̀ jù ni rírìn lórí ìlà. Wọ́n á ti fi GPS, ẹ̀rọ tó ń sọ ojú ibi téèyàn wà gan-an, tàbí kọ́ńpáàsì la ìlà tààrà sílẹ̀, ó lè gùn tó kìlómítà méjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ẹ máa rìn jẹ́jẹ́, kìlómítà kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ní wákàtí kan. Ẹni mẹ́ta ti tó: ẹ̀ṣọ́, ẹni tó ń wò, ẹni tó ń kọ̀wé. Bí ẹ bá rí ẹranko, ẹ dúró, ẹ kọ aago, irú ẹranko, iye wọn, bó ṣe jìnnà sí yín tó, àti igun tó wà láàárín ìlà àti ibi tó wà. Jíjìnnà ẹranko sí ìlà ni ìṣirò tí wọ́n fi ń mọ iye ẹran inú igbó ń fẹ́, kì í ṣe jíjìnnà ẹ̀ sí yín. Bí ìmàdò bá wà ní 40 mítà, tí igun ẹ̀ jẹ́ 30 dígírì, 20 mítà ló jìnnà sí ìlà, torí pé sáìnì 30 lórí ẹ̀rọ ìṣirò jẹ́ ìdajì, ìdajì 40 sì ni 20.

Ibí yìí ni ẹni tuntun ti máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á fojú díwọ̀n, wọ́n á kọ 10, 20, 50, bí ẹni pé ẹranko ń tò sórí rúlà. Ẹ lo ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀nà jíjìn, tàbí kí ẹ fi tépù wọ̀n ọ́n nígbà tí ẹranko bá ti lọ. Ojú ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ rí i ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ibi tó sá dúró sí. Bí wọ́n bá jẹ́ agbo, bí ìjímèrè, ẹ wọn àárín agbo, ẹ má wọn èyí tó sún mọ́ yín jù. Ẹ má sì máa na ojú sí ọ̀nà jíjìn títí ẹ ó fi ré ẹtu tó ba sí ẹsẹ̀ yín kọjá, nítorí ìṣirò náà gbà pé gbogbo ohun tó wà lórí ìlà gan-an lẹ rí.

Ohun kan wà tí mi ò lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: ọjọ́ tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́. Ìlà wo, láti aago mélòó sí mélòó, òdo. Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí ẹran jáde nìkan lẹ kọ, ìwé yín á máa sọ pé igbó kún, bẹ́ẹ̀ ẹran ti ń tán. Bákan náà ni kíkà létí omi. Odò Ògùn tó ń gba abẹ́ afárá Láfẹ́ńwá kọjá, inú ọgbà yẹn ló gbà wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹranko máa ń rọ́ lọ sétí ẹ̀. Ó dùn ún wò, àmọ́ ẹni tó bá fi ibẹ̀ nìkan díwọ̀n gbogbo igbó ti purọ́ láìmọ̀.

Ẹ ó tún pàdé ojú ẹsẹ̀ màlúù nílẹ̀, ó sì jọ ti ẹfọ̀n. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ya fọ́tò láti òkè tààrà, ẹ fi han ẹ̀ṣọ́. Bí kò bá dá a yín lójú, ẹ kọ “a ò mọ̀”. Bí ẹ bá rí tàkúté wáyà tàbí ìkarahun ọta, ẹ má tú u. Ẹ ya fọ́tò, ẹ kọ GPS ẹ̀, ẹ pe ẹ̀ṣọ́, ẹ̀rí ni níwájú adájọ́.

Ẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tàbí kaki. Ẹ má wọ kámọ́, aṣọ ológun ni, òfin kò gbà á fún aráàlú. Ẹ yàgò fún búlúù àti dúdú, àwọ̀ méjèèjì ló máa ń fa eṣinṣin tí ń gbé àrùn oorun kiri. Lítà omi mẹ́rin fún ẹnì kan lóòjọ́. Bí ejò bá ṣánni, ẹ má gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má sì so ó pinpin. Kí onítọ̀hún má rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Alákámẹ́rà

Ẹ jẹ́ kí n gba ti kámẹ́rà. Kò bàjẹ́. Ohun tó ń jí i ni ooru tó ń sún láti apá kan sí ìkejì níwájú ẹ̀. Koríko tí oòrùn ti yan, tí afẹ́fẹ́ wá ń mì, ẹranko ni lójú ẹ̀. Ẹ gé koríko àti ẹ̀ka tó wà níwájú ẹ̀ títí dé mítà márùn-ún. Ẹ kọjú ẹ̀ sí àríwá tàbí gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má bàa wọ̀ ọ́ lójú.

Ẹ so ó mọ́ igi tó nípọn, torí igi tẹ́ẹ́rẹ́ ń mì. Gíga 30 sí 50 sẹ̀ǹtímítà dára fún ẹtu àti àgbọ̀nrín. Ó kéré tán kí ó jìnnà ní mítà mẹ́ta sí ojú ọ̀nà ẹranko, kí ẹ sì dà á díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí bó bá kọjú sí ọ̀nà gbọnrangandan, ẹran tó ń yára á ti kọjá kó tó yà, ìrù nìkan lẹ ó rí. Kí ẹnì kan fi ọwọ́ àti eékún rá níwájú ẹ̀ kí ẹ tó kúrò. Bí kò bá ya onítọ̀hún, kò ní ya ẹtu.

Bátìrì mẹ́jọ lọ́pọ̀ ń lò. Ẹ má da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, iná tí kámẹ́rà fi ń ya fọ́tò lóru ló kọ́kọ́ máa ń rẹ̀. Káàdì mẹ́mọ́rì 32GB tó, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò gba jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú kámẹ́rà fúnra ẹ̀ sì ni kí ẹ ti pa á rẹ́, kì í ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ yẹ aago wò lẹ́ẹ̀mejì. AM tí wọ́n fi sí PM ti ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́ rí, tí òòrẹ̀ wá ń jẹun lọ́sàn-án gangan. Ẹ kọ nọ́ńbà ibùdó sórí pátákó, ẹ fi ya fọ́tò àkọ́kọ́ àti ìkẹyìn.

Kí ẹ tó gbé e kalẹ̀, ẹ bi ẹ̀ṣọ́ nípa iná. Wọ́n máa ń dìídì jó igbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kí iná ńlá má bàa jà lẹ́yìn náà. Ẹ ro ìdí igi náà mọ́ ní mítà méjì yíká. Ọ̀sẹ̀ méjì yín kéré fún kámẹ́rà, ọgbọ̀n ọjọ́ ló yẹ kó lò. Ẹ bá ẹ̀ṣọ́ ṣàdéhùn pé wọ́n á bá yín kó o.

Ọmọ Ìtòkò

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ibo la ti lè fi ọwọ́ kọ́ ọ níbí ká tó lọ?

Lékeléke Alábàtà

Ẹyẹ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, àbúrò. Ètò kan wà tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ẹyẹ Nàìjíríà, Nigerian Bird Atlas Project. Wọ́n pín ilẹ̀ sí igun-igun, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án. Ẹ fi BirdLasser, áàpù tí wọ́n fi ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀, sórí fóònù, ó ń ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì. Wákàtí méjì gbáko, ó kéré tán, lẹ ó fi wo igun kan, ẹ ó sì gbìyànjú àti dé oríṣiríṣi ibi tó wà nínú ẹ̀: etí odò, oko, àárín ilé. Ẹ lè fi kún un títí di ọjọ́ márùn-ún. Bí ẹ ṣe rí ẹyẹ tẹ̀lé ara wọn ni kí ẹ kọ wọ́n. Igbó Arakanga àti etí Odò Ògùn tó fún ìdánrawò. Ẹ tún lọ sí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, wọ́n ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa igbó àti ẹranko ìgbẹ́, ẹ béèrè ẹni tó lè fi kọ́ńpáàsì àti ìwọ̀n ìlà hàn yín. Bí ẹ bá rí igún, ẹ má fojú kéré ẹ̀, ó wà lára àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ojú Ìlà

Mo gbàgbé èyí. Kí ẹ tó ya fọ́tò kankan tí ẹ máa gbé sórí Facebook tàbí WhatsApp, ẹ pa location kámẹ́rà fóònù yín. Fọ́tò akika tó gbé GPS lórí, ọ̀nà lẹ là sílẹ̀ fún apẹran yẹn. iNaturalist, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kọ ẹranko tí wọ́n rí sí, máa ń bo ojú ibi gan-an mọ́lẹ̀ fún ẹranko tó wà nínú ewu. Ẹ̀dà gbogbo ìwé àti káàdì, ẹ fún ọ́fíìsì ọgbà kí ẹ tó wọkọ̀ padà sílé.