Mọ́dífáì ẹ́ńjìnì: "àtúnṣe" kọ́ o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan gbé wá lánàá, pé lédè Yorùbá, ká máa pe mọ́dífáì ẹ́ńjìnì ọkọ̀ àtijọ́, ìyẹn kéèyàn ṣe é kó lágbára ju bó ṣe wà látilẹ̀ lọ, ní "àtúnṣe ẹ́ńjìnì", èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Tí mo bá ní kí mẹkáníìkì bá mi tún ẹ́ńjìnì ṣe, ohun tó máa kọ́kọ́ bi mí ni pé kí ló ṣe é? Ó ti gbà pé ó bàjẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìjàpá wò ó, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó lọ́dún 1975, torí òun ni bàbá mi gùn, òun ni mo mọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó ní ẹ́ńjìnì 1600, písítìnì mẹ́rin ló ní, ìkọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mìlímítà 85.5, kábúrétọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ló sì wà láàárín tó ń fún apá ọ̀tún àti òsì lépo, ọ̀nà yẹn jìn. Ẹni tó bá wá fẹ́ kó máa gbéra kíá, kó máa gun òkè Mọ́kọ́lá láìjanpata, á ní kí wọ́n gbẹ́ ihò tí sìlíńdà, ilé písítìnì, ń wọ̀ kó fẹ̀ sí i kó lè gba písítìnì 90.5, ẹ́ńjìnì tó jẹ́ sísì 1584, tí wọ́n ń pè ní 1600, ti di 1776 nìyẹn, á tún fi kábúrétọ̀ méjì sí i, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Kí ló bàjẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n tún ṣe?

"Àyípadà ẹ́ńjìnì" náà ò ṣe é lò. Ẹ sọ ọ́ ní Ládípọ̀, ọjà páàtì ọkọ̀ l'Ékòó, kẹ́ ẹ gbọ́, tòkunbọ̀ míì ni wọ́n máa gbé fún yín.

Ẹni tó mú "fífa ọsán", okùn awọ ara ìlù, wá látọ̀dọ̀ àwọn onílù, ìyẹn dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ onílù tó fa ọsán dùndún, ìlù kan náà ló ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohùn ẹ̀ nìkan ló tọ́. Ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ fún ìgbà tá a bá ń yí síkúrúù kábúrétọ̀.

Tèmi ni "ríró ẹ́ńjìnì lágbára". Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ọ̀rọ̀ olóṣèlú ni, ètò ìrónilágbára tí wọ́n fi ń pín ẹ̀rọ ìlọta àti ẹ̀rọ ìránṣọ, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, aránṣọ tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ò ṣàìsàn, iṣẹ́ tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ náà ló máa wá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjàpá náà nìyẹn.

Ibi tó ti le fún mi ni kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnì ṣe ń fún afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ kí iná tó ràn án, a ò sì lè fò ó torí afẹ́fẹ́ ló ń tu ẹ́ńjìnì Ìjàpá, kò ní rédíétọ̀, tẹ́ ẹ bá gbé kọ̀mpúrẹ́ṣọ̀n ẹ̀ sókè jù ooru á pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í nọ́ọ̀kì, epo á máa gbiná láìtọ́, ẹ́ńjìnì á sì máa dún kókó. Ṣé "ìfúnpọ̀" ni ká pè é ni àbí "ìkìpọ̀"? Ọkàn mi wà lọ́dọ̀ "ìfúnpọ̀".