Ta ni ó ń bá ìyá ọlọ́jà tọ́jú ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́fà?

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ìdálẹ̀. Èlùbọ́ àti gàrí ni mò ń tà ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin, ọkọ mi sì ń wa zẹ́mì, ìyẹn ọ̀kadà tí ń gbé èrò. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ: àkọ́bí wà ní CE2, ìyẹn kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èkejì pé ọdún mẹ́rin, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ni mo fi èkejì sí jẹ́lé-ó-sinmi ìjọba, èyí tí gbogbo wa ń pè ní maternelle. N kò san owó ilé-ẹ̀kọ́ kankan, mo sì dúpẹ́, nítorí láti ọdún 2006 ni ìjọba ti mú owó náà kúrò ní maternelle àti ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó jẹ́ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan ni a gbọ́dọ̀ lọ mú ọmọ wá sílé, ìgbà náà gan-an sì ni ọjà máa ń kún. Bí ó bá wá bọ́ sí ọjọ́ ọjà ńlá, èyí tí ó ń yí po lọ́rọọrún tí kò sì bìkítà bóyá ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ni tàbí ọjọ́ ìsinmi, ńṣe ni mo máa ń fi igbá sílẹ̀ fún ẹni tí a jọ pààlà ìsọ̀, tí n ó sì sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Èyí tí ó ń dùn mí jù kì í ṣe ti ọjà. Ọmọbìnrin àbúrò ọkọ mi, tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, ni a mú wá láti abúlé kí ó lè máa bá mi pọn àbíkẹ́yìn. CE1, kíláàsì kẹta, ni ó wà nígbà tí ó dé. Mo ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé yóò máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbí, mo sì ra àpò ìwé fún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ara ọmọ mi gbóná, a ní kí ó dúró tì í fún ọjọ́ méjì péré. Ọjọ́ méjì náà kò tíì parí títí di òní. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí mo ti ọjà dé, mo bá a níbi tí ó jókòó ti àtùpà, tí ọmọ ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tí ó ń fi ìka tọ ìwé kíkà àkọ́bí mi lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ètè rẹ̀ ń mì ṣùgbọ́n tí ohùn kò jáde, kí ọmọ má baà jí. Ojú tì mí gidigidi. N kò lè gbé oúnjẹ tí mo mú bọ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé, yàtọ̀ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣé ìrànlọ́wọ́ ìjọba kankan wà fún ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kò tíì tó ọdún mẹ́ta? Bí kò bá sí, ta ni ó yẹ kí àwa ìyá ọlọ́jà lọ bá?

Olùkọ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún pípẹ́ ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ kò ṣàjèjì sí mi.

Ìrànlọ́wọ́ wà nínú òfin, àmọ́ ẹni tí ń gba owó oṣù ni ó ń bá. Òfin iṣẹ́ fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 14 ìsinmi ìbímọ, ó sì fún un láàyè wákàtí kan lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú títí ọmọ yóò fi pé oṣù 15. Èmi jẹ nínú rẹ̀ nígbà tí mo bí àwọn tèmi. Ẹni tí ó ń ta èlùbọ́, ta ni yóò sọ fún pé wákàtí ọmú tó? Obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá ara rẹ̀ ni òfin yẹn gbàgbé, bẹ́ẹ̀ sì ni irú wọn ni ó pọ̀ jù láàárín wa.

Ní ti ilé-ẹ̀kọ́, Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1990 sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ dandan. Kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa maternelle. Ọdún méjì ni maternelle ń gbà, kò sì sí ẹni tí a lè mú pé kò fi ọmọ síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń jẹ́ pé bí owó bá dé, kíláàsì àwọn ọmọ ńlá ni a kọ́kọ́ ń kọ́. Mo sì ń rí àbájáde rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ tí ó ti lọ sí maternelle á mọ bí a ti ń di ṣọ́ọ̀kì mú, á mọ̀ pé ìwé ń ṣí láti ọ̀tún, kò sì ní sunkún nígbà tí mo bá fi èdè Faransé pe orúkọ rẹ̀. Èyí tí kò lọ á lo gbogbo oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ láti mọ ohun tí èkejì rẹ̀ ti mọ̀ kí ó tó dé.

Ẹni tí ẹ óò lọ bá ni ìgbìmọ̀ kọ́múùnù yín, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Láti ìgbà òfin ọdún 1999 tí ó gbé agbára fún àwọn kọ́múùnù ni kíkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ maternelle àti ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títún wọn ṣe àti ríra àga wọn ti wà lọ́rùn kọ́múùnù. Ẹ má lọ lẹ́yọ ẹnì kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà fọwọ́ sí ìwé kan, kí ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ náà fọwọ́ sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí baálẹ̀ àdúgbò. Ẹ béèrè ohun tí ó ṣeé kà lórí ìka: kí àwọn ọmọ kéékèèké lè dúró di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì jẹun ọ̀sán. Láti 2017 ni ìjọba ti ní ètò oúnjẹ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí Àjọ Oúnjẹ Àgbáyé, PAM, ń bá a ṣe. Níbi tí ìkòkò bá ti wà lórí iná fún àwọn ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n má fi àwọn àbúrò sílẹ̀.

Ní ti ọmọbìnrin yẹn, ìyá mi, ẹ má dúró de kọ́múùnù. Ẹ mú un lọ bá olùdarí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́la, kí ẹ sì mú ìwé ìbí rẹ̀ dání, nítorí wọn yóò béèrè rẹ̀ nígbà ìdánwò CEP, èyí tí a fi ń parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí ọmọ tí ó fi ọdún kan ṣòfò tí ó padà wá tí ó sì yege. Èyí tí ó fi ọdún mẹ́ta ṣòfò, n kò tíì rí i kí ó padà.

Ọmọ Alákétu (Kùtọnú)

Ẹ má bínú sí mi, Ìyá wa. Èmi ò rí i pé iṣẹ́ ìjọba ni títọ́jú ọmọ ọwọ́. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni gbogbo wa ti dàgbà, a kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Bí ìjọba bá gbà á ṣe, owó ìsọ̀ ni wọn yóò fi kún.

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Àbúrò mi, n kò bínú. Ìyá mi ni ó ń ṣe èlùbọ́ tí mò ń tà. Láti ìdájí ni ó ti ń bó iṣu, oòrùn ni ó sì ń dúró tì títí di alẹ́. Ìyá ọkọ mi ti lọ sí àjùlé ọ̀run. Ìyá àgbà tí ẹ ń sọ náà ń ṣiṣẹ́ o.

Bàbá Àgbà (Ṣábẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí ẹ ń béèrè yìí kì í ṣe tuntun. Ní ayé ìjọba Ààrẹ Kérékou, lẹ́yìn àtúntò ẹ̀kọ́ tí a pè ní École Nouvelle ní ọdún 1975, wọ́n dá ibi kan tí a ń pè ní CESE sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì tó ilé-ẹ̀kọ́ lọ. Èdè wa ni wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Àbúrò mi obìnrin lọ sí èyí tí ó wà ní àdúgbò wa. Lábẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń jókòó sí, lórí ẹní, obìnrin tí ó sì ń tọ́jú wọn kò gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ayò ni ó fi ń kọ́ wọn ní ení, èjì, ẹ̀ta. Ó máa ń da á sí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, á ní kí ọmọ dijú, kí ó fi ìka kà á kí ó tó sọ iye rẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi dé CI, ìṣirò kò dẹ́rù bà á, àní títí di òní òun ni a ń pè bí a bá fẹ́ pín ogún.

Ọ̀pọ̀ òbí ló bínú sí àtúntò yẹn nígbà náà, wọ́n ní Faransé ni àwọn fẹ́ fún ọmọ àwọn, wọn kò sì ṣe aláìní ìdí. Ṣùgbọ́n ní ti àwọn ọmọ kékeré, mo rò pé a fi ọmọ dànù pọ̀ mọ́ omi ìwẹ̀ rẹ̀. Obìnrin kan tí ó ní sùúrù, òjìji igi, ẹní, àti èdè tí ọmọ gbọ́ láti inú ilé: ìyẹn kò gba owó púpọ̀. Owó oṣù obìnrin náà ni kí ìjọba san, kí ó sì máa san án déédéé.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Montréal)

Mo kí gbogbo yín. Ní Kebẹ́kì níbí, ní ilẹ̀ Kánádà, ọdún 1997 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìtọ́jú ọmọ tí òbí ń fi san dọ́là 5 lóòjọ́ fún ọmọ kan, tí ìjọba sì ń san ìyókù. Iye náà ti ju dọ́là 9 lọ nísinsìnyí. Kí n má tàn yín, àyè kò tó, èmi náà dúró pẹ́ kí ó tó kàn mí. Owó orí tí ìlú yìí ń san kò sì jọ tiwa, nítorí náà n kò ní kí ẹ ṣe bí tiwọn.

Apá kan wà níbẹ̀ tí ó bá ohun tí Bàbá sọ mu, ìyẹn ni mo fi ń kọ̀wé. Kì í ṣe ilé ńlá nìkan ni wọ́n ń lò. Obìnrin tí ó gba ẹ̀kọ́ díẹ̀, tí a sì ti yẹ ilé rẹ̀ wò, lè tọ́jú ọmọ mẹ́fà nínú ilé ara rẹ̀; bí ó bá ní olùrànlọ́wọ́, ó lè tọ́jú mẹ́sàn-án. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó tọ́jú ọmọ mi, ará Haiti ni, mo sì ń fi ọkàn balẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Bí kọ́múùnù kò bá tíì lè kọ́lé, ṣé kò lè sanwó fún ìyá méjì tí agbo ilé wọn súnmọ́ ọjà?

Ìyá Elélùbọ́ (Kétu)

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti mú ọmọ náà lọ bá olùdarí. Ó bá mi wí, n kò sì jiyàn. Wọ́n gbà á padà sí CE1, ó ti lọ fún ọjọ́ mẹ́rin báyìí. Àbíkẹ́yìn wà lọ́dọ̀ mi ní ọjà, orí àpò gàrí tó ṣófo ni ó ń sùn sí lábẹ́ àtẹ, mo sì fi ìró dí iwájú nítorí eruku. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, n kò tíì mọ ohun tí n ó ṣe.

A ti di obìnrin mọ́kànlá ní ìsọ̀ wa tí yóò fọwọ́ sí ìwé náà. Opó kan wà tí ògiri ilé rẹ̀ kan ọjà, ó ní òun ṣe tán láti gba ọmọ mẹ́fà bí a bá lè rí owó oúnjẹ àti owó oṣù rẹ̀ gbà. Olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ṣé ẹ lè bá wa fi Faransé kọ lẹ́tà náà? Ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ ni gbogbo wa yóò wà níbẹ̀ pọ̀ láti fọwọ́ sí i.