Four Pass Loop ní Colorado: báwo lẹni tó ń gbé Ogbómọ̀ṣọ́ ṣe lè múra?

Ajílété07
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àwa mẹ́ta la fẹ́ rin Four Pass Loop nítòsí ìlú Aspen, ní Colorado, láàárín oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀. Ó tó kìlómítà 45. Etí adágún Maroon Lake ló ti bẹ̀rẹ̀, ó yí òkè po, ó sì padà síbẹ̀. Ọrùn òkè mẹ́rin (ibi tọ́nà ti gba àárín òkè méjì kọjá) la máa gùn kọjá, gbogbo wọn ló sún mọ́ 3,800 mítà, Ogbómọ̀ṣọ́ tiwa ò sì tó 400. Ọjọ́ mẹ́rin la yà sọ́tọ̀. Apá ibo ló yẹ ká kọ́kọ́ gbà? Kí la lè fi múra nílé níbí? Wọ́n ní béèyàn bá ti ń sáré ní pápá láràárọ̀, ó ti tó.

ỌmọÀtìbà
Kò tó. Ẹsẹ̀ tó mọ eré sá lórí pápá lè má mọ òkè rárá, pàápàá ìsọ̀kalẹ̀. Ìsọ̀kalẹ̀ ló ń ba orúnkún jẹ́.

Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí: gbogbo ìgòkè tó wà lọ́nà yẹn jẹ́ bíi 2,400 mítà. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́rin, 600 mítà ni lóòjọ́. Àjà pẹ́tẹ́ẹ̀sì kan jẹ́ bíi mítà mẹ́ta, ìyẹn ni pé igba àjà lẹ máa gùn lọ́jọ́ kan, tẹ́rù sì wà lẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sílẹ̀, pẹ̀lú ogójì àjà àti ẹrù kílò márùn-ún, kẹ́ ẹ máa fi kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ogún, 50cl ọ̀kọ̀ọ̀kan, kílò mẹ́wàá géérégé ni. Kó sínú báàgì, ó parí. Tẹ́ ẹ bá ráàyè lọ sí Adó-Àwáyè lẹ́yìn Ìsẹ́yìn, àtẹ̀gùn Òkè Àdó lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ gùn ún, ẹ sọ̀ ọ́, ẹ tún un gùn, kí oòrùn tó mú. Ẹ má da omi náà nù lókè kẹ́ ẹ tó máa sọ̀, torí ẹrù yẹn gan-an ni orúnkún ń kọ́ láti gbé.

Ní ti ọ̀nà: létí Crater Lake ló ti pín. Ẹ má yà sọ́tùn-ún tó lọ sí ọrùn òkè Buckskin, ọrùn òkè West Maroon ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọjá. Àfonífojì ibẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó jẹ́ kí mímí bá ẹsẹ̀ dọ́gba, àyàfi nítòsí orí rẹ̀ tó ti dà gẹ́gẹ́rẹ́. Alẹ́ kìíní, ẹ sùn nísàlẹ̀ West Maroon. Ọjọ́ kejì, West Maroon àti Frigid Air, torí wọn ò jìnnà síra, kẹ́ ẹ sùn sí àfonífojì Fravert Basin. Ọjọ́ kẹta, Trail Rider. Ìgòkè ibẹ̀ gùn, ẹ sì máa gba inú odò kọjá kẹ́ ẹ tó débẹ̀, nítorí náà bàtà omi ṣe pàtàkì. Ẹ sùn nítòsí Snowmass Lake. Ọjọ́ kẹrin, Buckskin, ó di ilé.

Aago márùn-ún ìdájí ni kẹ́ ẹ máa gbéra, kẹ́ ẹ ti kọjá ọrùn òkè kó tó di aago mọ́kànlá. Ọ̀sán ni àrá máa ń sán níbẹ̀, igi kì í sì í hù mọ́ lókè bíi 3,500 mítà, ẹ̀yin lẹ máa wá ga jù lórí pápá. Àwa ará Ọ̀yọ́ lè máa pera wa lọ́mọ Ṣàngó, àrá òkè yẹn ò ní bi wá léèrè oríkì. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ, ẹ sọ̀kalẹ̀ wọ àárín igi tó pọ̀, ẹ má dúró lábẹ́ igi kan ṣoṣo. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ìró tó kẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jáde.

Ìwé àṣẹ sísùn mọ́jú di dandan, orí Recreation.gov ni wọ́n ti ń gbà á, ó sì ń tètè tán. Agolo líle tí béárì ò lè já náà di dandan fún oúnjẹ. Ẹ gbàyè sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti Aspen Highlands lọ síbi adágún.

Nọ́ọ̀sì_Tákìé
Ẹ jẹ́ n bi yín kan: kí ni jínótáìpù yín? Kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á. SS tàbí SC ò gbọ́dọ̀ lọ rárá. AS lè lọ, àmọ́ kó rí dókítà kọ́kọ́. Ọ́síjìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ téèyàn ń mí sínú ní 3,800 mítà jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta tilé. Tó bá wá jẹ́ pé omi ara tún gbẹ, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AS lè tẹ̀ kọdọrọ, kó dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọlọ inú. Àmì rẹ̀ ni ìrora ńlá lábẹ́ ìhà òsì. Ẹ má pè é ní jẹdíjẹdí o. Kí ẹni náà sọ̀kalẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Fún gbogbo yín: ẹ sun Denver (1,600 mítà) lóru kan, ẹ sun Aspen (2,400) lóru méjì, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Dókítà lè kọ Diamox, oògùn tó ń dènà àìsàn òkè gíga, 125 mg lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láti ọjọ́ tó ṣáájú ìgòkè. Ẹni tí oògùn sọ́fà (sulfa) kì í bá lára mu gbọ́dọ̀ sọ fún un. Orí fífọ́ pẹ̀lú èébì: ẹ má gòkè sí i. Ẹni tó ń ta gọ́ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí, tàbí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó jókòó, ìsàlẹ̀ ni, òru ì báà ṣe. Alẹ́ kìíní ni kẹ́ ẹ pinnu bóyá ẹ máa tẹ̀ síwájú, torí lẹ́yìn Frigid Air, ẹ ò lè padà sí Maroon Lake láìtún gun ọrùn òkè mìíràn.

Ajílété07
Ẹ ṣeun gan-an. AS lọ̀kan nínú wa, a máa lọ rí dókítà. Oúnjẹ ńkọ́? A fẹ́ di ẹ̀wà àti kílíṣí.

Onígàárì
Ẹ gbàgbé ẹ̀wà. Nítòsí Snowmass Lake, nǹkan bíi 89°C lomi ti ń hó. Gáàsì yín á tán, ẹ̀wà á ṣì le koko. Kílíṣí náà, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú, wọn kì í fẹ́ ẹran. Gàárì ló jàre: ó ti yan tẹ́lẹ̀, kò nílò gáàsì tó pọ̀, 100 gíráàmù sì ń fún ara ní agbára bíi 350 kálórì. Ẹ fi kúlíkúlí àti mílíìkì ìyẹ̀fun kún un. Gbogbo ẹ̀ ló máa wọnú agolo béárì, títí kan ọṣẹ ìfọyín, torí òórùn ni béárì ń tọ̀.

Ẹ má mu omi odò láìsẹ́ ẹ tàbí sè é, kòkòrò Giardia wà níbẹ̀. Aṣọ òwú, títí dé jíìnsì, ẹ fi í sílé, bó bá tutù kì í gbẹ, òtútù alẹ́ oṣù kẹjọ sì lè bọ́ sí odo. Gáàsì sítóòfù, ẹ rà á lọ́hùn-ún, ọkọ̀ òfurufú kì í gbé e.