Kí ni kí á máa pe ẹni tó ń ya fọ́tò ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé?

Ẹ̀yin àgbà nínú èdè àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Arákùnrin wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé kámẹ́rà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tó ń ya fọ́tò àwọn ẹyẹ tó bá wá jẹ ọkà tó dà sílẹ̀, kò sì ta ọ̀kan rí. Ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta béèrè lórí fóònù pé irú iṣẹ́ wo nìyẹn, kò sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá fi dá wọn lóhùn. Àbá mẹ́ta ló ti wọlé láti ìgbà tó ti béèrè: ẹnì kan ní kí á pè é ní ẹlẹ́yẹ, ẹnì kejì ní ọdẹ onífọ́tò, ẹnì kẹta ní ọ̀gbẹ̀rì ayàwòrán ẹyẹ. Èmi náà ń ya fọ́tò ẹyẹ ní Ìbàdàn níbí, n kò sì lè jẹ́ ọ̀kankan nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni tó dá ẹlẹ́yẹ kò ṣi gírámà. Bí oní bá pàdé ẹyẹ, ẹlẹ́yẹ ni yóò bí, gẹ́gẹ́ bí oní àti ẹja ṣe ń bí ẹlẹ́ja. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní olówó rẹ̀ ṣáájú wa. Àwọn ìyá wa àgbà, tí à ń wárí fún kí á tó dárúkọ wọn, ni ẹlẹ́yẹ, ẹyẹ tiwọn kì í sì í ṣe èyí tó ń wá jẹ ọkà lójú ọ̀sán. Bí ìyá tó wà ní Abẹ́òkúta bá gbọ́ pé ọmọ òun ti di ẹlẹ́yẹ nílùú òyìnbó, ààwẹ̀ ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbà, wọn kò ní béèrè ọ̀rọ̀ kámẹ́rà mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, oní ń sọ pé ẹnì kan ló ni nǹkan náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó dùn jù nínú ẹyẹ wọ̀nyí ni pé kò sẹ́ni tó ni wọ́n.

Ọdẹ onífọ́tò dùn ún gbọ́, ó sì ní ìdí, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni ọ̀pọ̀ nínú orúkọ ẹyẹ tí a mọ̀ wà ní ìpamọ́, pàápàá nínú ìjálá wọn. Síbẹ̀, bí ọdẹ bá ti oko bọ̀, àpò rẹ̀ ni à ń kọ́kọ́ wò. Pẹyẹpẹyẹ, tí ẹnì kan fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀, tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí etí ṣe ń gbọ́ pẹjapẹja ni yóò ṣe gbọ́ ọ, ẹja tí pẹjapẹja bá sì ti kó kì í padà sódò. Mo fura pé Gẹ̀ẹ́sì ló wà nídìí àbá yìí, torí ọ̀rọ̀ kan náà, shoot, ni wọ́n ń lò fún ìbọn yíyìn àti fọ́tò yíyà. Ìtàn tiwọn bá a mu. John James Audubon, tí àwòrán ẹyẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ di olókìkí, ìbọn ló fi ń pa ẹyẹ, a sì máa fi wáyà gbé òkú wọn dúró bí ààyè kí ó tó ya àwòrán wọn. Ọdún 1892 ni Richard àti Cherry Kearton, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya fọ́tò ìtẹ́ ẹyẹ kan pẹ̀lú ẹyin inú rẹ̀ láìpa ohunkóhun; nígbà tó yá, wọ́n ń lúgọ sínú awọ màlúù tí wọ́n gbé dúró bí ààyè màlúù, kí ẹyẹ má baà fura. Ohun kan péré ni mo gbà lọ́wọ́ ọdẹ, òun náà ni ibùba. Ibi tí a bá sápamọ́ sí kí ẹyẹ má rí wa, ibùba ni kí á máa pè é, ì báà jẹ́ awọ màlúù, ì báà jẹ́ kọ́tìnì yàrá ìdáná mi.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìṣe náà fúnra rẹ̀. Ya nìkan kò tó, nítorí bí mo bá ní mo ya ẹyẹ kan láàárọ̀, ẹni tó gbọ́ lè rò pé mo fà á ya bí aṣọ ni. Fọ́tò ni mo yan láti tẹ̀ lé e, mo sì mọ̀ pé inú àwọn kan kò ní dùn. Ọmọ bíbí inú èdè wa ni àwòrán, ṣùgbọ́n ó gba èyí tí a fi pẹ́ńsù yà, ó gba èyí tí a fi ọ̀dà kùn, ó tún gba èyí tí kámẹ́rà mú, nítorí náà ayàwòrán ẹyẹ kò fi Audubon yàtọ̀ sí arákùnrin wa. Lójú ọjà, onífọ́tò ni gbogbo ayé ń pe ẹni tó ń ya fọ́tò níbi ìgbéyàwó, kò sì sẹ́ni tó rò pé òyìnbó lòun ń sọ. Ọ̀ràn àmì ohùn tún wà níbẹ̀. Bí a bá kọ aworan eye láìfi àmì sí i, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù, ó lè jẹ́ àwòrán ẹyẹ, ó lè jẹ́ awòran ẹyẹ, ìyẹn ẹni tó ń wo ẹyẹ bí ẹni wòran, ó sì lè jẹ́ àwòrán ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sára ògiri ilé olóyè. Ayafọ́tò ẹyẹ kò fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Fún ẹni tó ń fi sùúrù wo ẹyẹ, yálà ó ní kámẹ́rà tàbí kò ní, aṣọ́-ẹyẹ ni mo gbé síwájú yín. Àwọn àgbà yóò sọ pé ṣíṣọ́ ẹyẹ ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tipẹ́, pé ọmọdé tí wọ́n rán lọ sí oko ìrẹsì ló ń ṣọ́ ẹyẹ, pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́ (kì í ṣe kannakánná, ẹyẹ dúdú aláyà funfun), tó ń pariwo lé ẹ̀gà àti ológoṣẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Òótọ́ ni, mo ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ojú méjì ni ṣọ́ ní: à ń ṣọ́ ilé kí ohunkóhun má baà ṣe é, à sì ń ṣọ́ olè kí ó má baà jà. Ọmọ oko ìrẹsì ń ṣọ́ ẹyẹ bí a ti ń ṣọ́ olè. Arákùnrin wa ń ṣọ́ ọ bí a ti ń ṣọ́ ilé, irú ṣíṣọ́ tó wà nínú aṣọ́gbó. Mo fi ààlà sáàárín ọ̀rọ̀ náà torí pé bí a bá pa á pọ̀ di aṣẹ́yẹ, kò sẹ́ni tí yóò rí ṣọ́ nínú rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi hàn pé ẹyẹ tí a kò sìn ni à ń wí. Ẹyẹ ilé kò ṣeé lò, torí ẹyẹlé ti gbà á. Ẹyẹ àìsìn yóò dà bí ẹyẹ tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹyẹ igbó ni ọ̀pọ̀ faramọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo Ìbàdàn níbí. Ẹyẹ kan wà tó ń jẹ́ orúkọ ìlú yìí nínú ìwé àwọn onímọ̀, Malimbus ibadanensis, tí Elgood, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ṣàpèjúwe ní 1958. Ẹbí ẹ̀gà ni, ó wà nínú igbó tó wà ní ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn níbí, kò sì wọ́pọ̀ rárá. Ìyẹn yẹ ní ẹyẹ igbó. Ẹ̀gà tó ń ya imọ̀ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé mi wẹ́wẹ́ láti fi hun ìtẹ́, tí abo bá sì kọ ìtẹ́ náà, tó máa ń tú u palẹ̀ kí ó tún òmíràn hun, kò mọ̀nà igbó kankan. Ní tèmi, a kò nílò ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹni tó bá rí adìẹ ní àgbàlá kì í sọ pé òun rí ẹyẹ, adìẹ ló máa sọ. Bí Yorùbá bá ti wí pé ẹyẹ, èyí tí ẹnì kankan kò sìn ló ti wí. Ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé tó.

Ọ̀gbẹ̀rì ló bí mi nínú jù. Ẹni tí kò wọ awo ni ọ̀gbẹ̀rì. Ẹni tó mọ̀ pé ẹyẹ tó ń fò kò ní mọ́ nínú fọ́tò àfi bí kámẹ́rà bá ṣí tó sì pa dé láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, tó mọ̀ pé ojú ẹyẹ ni kí lẹ́ńsì kọ́kọ́ mú kí ó tó kan ìyẹ́ rẹ̀, tó sì ń jí kí oòrùn tó le, awo wo ni kò tíì wọ̀? Pé kò gbowó kò sọ pé kò mọ̀ ọ́n. Láti 1979 ni RSPB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹyẹ ní Bìrìtìkó, ti ń ní kí àwọn ènìyàn fi wákàtí kan ka ẹyẹ ọgbà wọn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè sí i. Irú ẹyẹ kíkà bẹ́ẹ̀ ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó sì kárí ayé ní 2013. Àwọn tó ń kà á kì í ṣe akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, síbẹ̀ iye tí wọ́n kà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò. Fún ìgbafẹ́ ni kí á fi kún un, kí á sì fi ọ̀gbẹ̀rì sílẹ̀ fún igbó orò.

Nítorí náà, kí arákùnrin wa sọ fún ìyá rẹ̀ pé, “Ẹ̀yin ìyá mi, fọ́tò ẹyẹ ẹ̀yìnkùlé ni mò ń yà fún ìgbafẹ́.” Ẹyẹ tó wà nínú fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ló tún kù, ẹyẹ kékeré aláyà pupa tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní róbìn. A kò ní in ní ilẹ̀ wa, kí á má sì purọ́ pe ológoṣẹ́ mọ́ ọn. Kí ó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta láìkọ orúkọ kankan sí i. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá pè é, kí ó jọ̀wọ́ fi tó wa létí.