Ṣé wákàtí 2 tó láti pààrọ̀ bàálù ní JFK?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ wọ bàálù láti Heathrow ní Lọ́ńdọ̀nù lọ sí JFK ní New York. Ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 5,540. Mo fi eré kìlómítà 900 ní wákàtí kan pín in, ó fún mi ní wákàtí 6 àti díẹ̀. Ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì mi ní wákàtí 8 ni àlọ, 7 ni àbọ̀.

Mo mọ̀ pé atẹ́gùn òkè ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, òun ló ń ti bàálù lẹ́yìn lábọ̀. Ṣé wọ́n tún ka àkókò tó fi ń rìn nílẹ̀ kó tó gbéra mọ́ ọn ni? (Ẹ má rẹ́rìn-ín: mo kọ́kọ́ rò pé wákàtí 3 péré ni, mo gbàgbé pé aago New York fi wákàtí 5 wà lẹ́yìn.)

Ìbéèrè mi gan-an rèé: wákàtí 2 lẹ́yìn tí a bá balẹ̀ ni bàálù mi kejì máa gbéra. Mo gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, kí n gba ẹrù mi, kí n tún fà á lé wọn lọ́wọ́ fún bàálù kejì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, ṣé ó tó, àbí kí n tètè sún tíkẹ́ẹ̀tì kejì síwájú?