Òdòdó tí kì í yọ: ẹ bá mi tú àlọ́ yìí

Ẹ jọ̀ọ́, mò ń wá àpótí geocache kan (àpótí tí àwọn eléré fi pamọ́ kí ẹlòmíràn lè wá a rí) nínú igbó Las Wolski ní ìlú Kraków, ní Pólàǹdì, irú èyí tí òǹtẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Àlọ́ rẹ̀, tí ìdáhùn rẹ̀ máa ń tọ́ka sí ibi tí àpótí náà wà, ní kí n ka iye ewé clover olóríire (koríko kékeré kan), kí n sì ka iye ewé òdòdó paproć, ìyẹn ewéko fern ní èdè Pólàǹdì. Ti clover yé mi: mẹ́rin. Ṣùgbọ́n paproć kì í yọ òdòdó rárá! Ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán, bíi ti àwọn ará Pólàǹdì, ló ní ó ń tanná lóru Kupala, ọdún ìbílẹ̀ kan nínú oṣù Kẹfà, pé ẹni tó bá rí i á là. Mo fi òdo dán an wò, inú ẹrẹ̀ ló gbé mi lọ. Mo fi márùn-ún, ẹ̀gún ya ṣòkòtò mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn àwọn Slav (àwọn ẹ̀yà Yúróòpù tí àwọn ará Pólàǹdì wà lára wọn), ṣé iye ewé kan wà tí wọ́n máa ń pè fún òdòdó yìí, àbí ọjọ́ ọdún náà ni kí n lò?